Olóṣèlú Tó Di Olórí Àjọ Aláìlérè: Kí Ló Kù Lọ́wọ́ Rẹ̀ Lẹ́yìn Tó Kúrò Lórí Àga?

Ní Èkìtì, kì í pẹ́ lẹ́yìn tí ènìyàn ńlá bá kúrò nípò ìjọba tí a ó fi gbọ́ pé ó ti dá fáúńdéṣọ̀n sílẹ̀. Pátákó á yọ lójú títì, yálà ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ìkọ̀lé, orúkọ rẹ̀ á sì hàn gàdàgbà lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á gbé lẹ́tà lọ pé kó wá bá àwọn tún títì àdúgbò ṣe. Àwọn kan á kó ìwé ẹ̀rí ọmọ wọn lọ pé kó fi í síṣẹ́ ìjọba. Bí kò bá ṣe é, wọ́n á ní ó ti dahun láti ìgbà tó ti sọ̀kalẹ̀. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ ní yà síbẹ̀ rárá, torí pé lójú tiwọn, ìpolongo ìbò ló pààrọ̀ aṣọ.

Àti ẹni tó gbé lẹ́tà títì lọ, àti ẹni tó yínmú sí i, ohun kan náà ni wọn ò tíì rí àlàyé gbà lórí rẹ̀: kí ni àjọ aláìlérè, kí ni ẹni tó ti ṣe òṣèlú rí lè fi ṣe, ibo sì ni agbára rẹ̀ ti dópin? Mo fẹ́ fi ìgbésí ayé Jimmy Carter, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, là á yé wa. Iṣẹ́ tó ṣe lẹ́yìn ìjọba lé ní ogójì ọdún, gbangba ló ti ṣe é, ó sì kan ilẹ̀ wa níbi tó ti ń dunni jù, nínú omi tí à ń mu. Lẹ́yìn náà ni a ó wá padà sí òfin Nàìjíríà àti bó ṣe kan àwọn fáúńdéṣọ̀n tó wà láàárín wa.

Kí ni à ń pè ní àjọ aláìlérè?

Àjọ aláìlérè ni àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ kan tó ń ṣe ará ìlú láǹfààní, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pín owó tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀. Èyí kò ní kí àjọ náà má lówó. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń gba owó oṣù, wọ́n ń san owó ilé, ọkọ̀ wọn ń mu epo. Ẹ wo bí ìlú ṣe ń dáwó kọ́ gbọ̀ngàn: bíríkìlà á gba owó iṣẹ́ rẹ̀, oníyanrìn á gba tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí àpò sìmẹ́ńtì bá ṣẹ́ kù, akápò ò gbọdọ̀ rù ú lọ sílé lọ fi rẹ́ ògiri tirẹ̀.

Fáúńdéṣọ̀n jẹ́ irú àjọ bẹ́ẹ̀ kan. Nínú òfin wa, orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ kò fún àjọ ní ipò tó yàtọ̀. Àwọn tí òfin mọ̀ ni àwọn alábòójútó, àwọn tí à ń pè ní trustees, tí ohun ìní àjọ wà níkàáwọ́ wọn. Ohun tó sì yẹ kó yé wa jù lọ nìyí: ẹni tó dá àjọ sílẹ̀ kọ́ ló ni ín. Ó lè jẹ́ pé òun ló fi owó àkọ́kọ́ sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà lára pátákó. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti fi orúkọ àjọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, owó yẹn ti kúrò nínú owó rẹ̀.

Ta ni Carter kó tó dé ìdí iṣẹ́ yìí?

Wọ́n bí Carter ní 1 October 1924 ní Plains, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi ní 1946. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1953, ó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀, ó padà sílé láti wá mójú tó oko ẹ̀pà àti òwò ìdílé wọn. Láti ibẹ̀ ló ti wọ ilé aṣòfin àgbà Georgia ní 1963. Ó du ipò gómìnà ní 1966, ó fìdí rẹmi. Ó tún un dù ní 1970, ó wọlé. Ní 20 January 1977, wọ́n búra fún un gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ.

Ní 1978, ó wá ṣe àbẹ̀wò ìjọba sí Èkó nígbà tí Ọbásanjọ́ ń ṣe olórí ìjọba ológun, òun sì ni Ààrẹ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó ṣe irú àbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ sí ilẹ̀ Áfíríkà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Lọ́dún yẹn kan náà, ó kó olórí Íjíbítì àti ti Ísírẹ́lì jọ sí Camp David fún ọjọ́ mẹ́tàlá títí wọ́n fi fẹnu kò. Ṣùgbọ́n ọjà wọ́n nílé, wọ́n sì mú àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìgbèkùn ní Iran fún 444 ọjọ́. Ronald Reagan fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ nínú ìdìbò November 1980.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni nígbà tó padà sí Plains ní 1981. Gbèsè tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là ló bá lọ́rùn òwò ẹ̀pà tó ti fi sábẹ́ àbójútó ẹlòmíràn nígbà tó ń ṣe Ààrẹ. Ó ta òwò náà, ó jókòó ti ìwé kíkọ.

Kí ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù?

Ẹni tó wà nípò ní ohun mẹ́ta tí ẹni tó kúrò níbẹ̀ ò ní mọ́. Èkíní ni àṣẹ: ó lè sọ pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe nǹkan, òṣìṣẹ́ náà á sì ṣe é. Èkejì ni ìṣúná, owó orí tí àwọn aṣòfin fọwọ́ sí. Ẹ̀kẹta ni òfin, tó ń mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ di dandan fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ máa ń lọ. Gómìnà tó gbé ìjọba sílẹ̀ ní Adó ní aago mẹ́wàá àárọ̀ kò lè pàṣẹ fún akọ̀wé ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní aago méjìlá.

Ohun tó kù ni orúkọ, ìrírí àti àwọn ojúlùmọ̀. Bí Carter bá kọ lẹ́tà sí olórí orílẹ̀-èdè kan, wọ́n á kà á. Bó bá ní òun ń bọ̀, mínísítà ìlera á lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, ìwé tó ti sùn sórí tábìlì á sì jí. Ìyẹn kì í ṣe àṣẹ o. Nígbà tó lọ sí North Korea ní June 1994 láti lọ dá sí ọ̀rọ̀ ohun ìjà olóró, kò lè buwọ́ lu ìwé kankan lórúkọ Amẹ́ríkà. Ìjọba tó wà lórí àlééfà ló parí àdéhùn náà. Ẹni tó bá lóye ìyàtọ̀ yìí kò ní bínú sí olórí fáúńdéṣọ̀n nítorí títì tí kò tún ṣe.

Báwo ni wọ́n ṣe dá The Carter Center sílẹ̀?

Carter àti Rosalynn ìyàwó rẹ̀ ló dá àjọ aláìlérè yìí sílẹ̀ ní 1982, ní Atlanta, pẹ̀lú àjọṣe Yunifásítì Emory. Ìpìlẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì. Yunifásítì ní àwọn onímọ̀, ó ní ètò ìṣirò owó, ó sì ní orúkọ tí kò fẹ́ bà jẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹlòmíràn ti ní ojú nínú iṣẹ́ náà yàtọ̀ sí ẹni tó dá a sílẹ̀.

Owó rẹ̀ ń wá láti ọwọ́ àwọn ènìyàn, ilé iṣẹ́, fáúńdéṣọ̀n mìíràn àti àwọn ìjọba tó ń ṣèrànwọ́. Owó ìfẹ̀yìntì Carter gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ tẹ́lẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ìgbìmọ̀ alábòójútó ń bẹ, ọ̀gá àgbà tó ń darí iṣẹ́ ojoojúmọ́ náà ń bẹ. Jason, ọmọ ọmọ Carter, di alága ìgbìmọ̀ náà ní 2015. Rosalynn kú ní November 2023, Carter fúnra rẹ̀ kú ní 29 December 2024 lẹ́ni ọgọ́rùn-ún ọdún, iṣẹ́ ò sì dúró.

Ọ̀pọ̀ gbà pé Carter ló dá Habitat for Humanity sílẹ̀, àwọn tó ń bá aláìní kọ́lé. Òun kọ́. Millard Fuller àti ìyàwó rẹ̀ Linda ló dá ìyẹn sílẹ̀ ní 1976. Láti 1984 ni Carter àti Rosalynn ti ń yọ̀ǹda ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún láti bá wọn kan pákó. Olùyọ̀ǹda ara ni níbẹ̀, olùdásílẹ̀ ni ní Atlanta.

Kí ni iṣẹ́ náà rí gan-an? Ẹ jẹ́ ká wo sòbìyà

Àwọn àgbà wa mọ sòbìyà dáadáa. Kó tó di pé dókítà dá sí i ni Yorùbá ti ń sọ pé sòbìyà tó bá máa degbò, olúgànńbe là ń ké sí. Ẹni tó bá lóye bí àrùn yìí ṣe ń rìn á lóye ohun tí àjọ aláìlérè lè ṣe ju ìjọba lọ, àti ohun tí kò lè dá ṣe.

Ènìyàn á mu omi adágún tàbí omi odò tó dúró sójú kan. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí wà nínú omi náà, wọ́n sì ti gbé ọmọ aràn mì. Nínú ikùn, kòkòrò á kú, ọmọ aràn á jáde kúrò lára rẹ̀. Fún bí ọdún kan, ẹni náà ò ní mọ nǹkankan. Lẹ́yìn náà ni abo aràn, tó ti gùn tó ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà sí mítà kan, á wá ọ̀nà jáde, ẹsẹ̀ ló sì sábà máa ń gbà. Ibẹ̀ á lé ròrò, á máa ta á bí iná. Kí ló máa ṣe? Á lọ ki ẹsẹ̀ bọ omi kó lè tutù. Bí omi bá ti kan ojú egbò, aràn á tú ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ sínú omi tí gbogbo abúlé ń pọn, àrùn á tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Kò sí oògùn tó ń pa á. Igi kékeré tàbí aṣọ egbò ni wọ́n ń fi ká aràn náà díẹ̀díẹ̀, sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lójúmọ́, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bó bá já sínú ẹran ara, egbò á wú, á kẹ̀. Àsìkò iṣẹ́ oko ló sì sábà máa ń yọ, tí onílé ò ní lè dìde, tí ọmọ ò ní lè lọ sílé ìwé.

Ní 1986 tí The Carter Center ṣíwájú ìgbógunti rẹ̀, wọ́n fojú bù ú pé mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ ènìyàn ló ń ní in lọ́dún, ní orílẹ̀-èdè mọ́kànlélógún. Nígbà tí Nàìjíríà yẹ abúlé dé abúlé wò lápá ìparí àwọn ọdún 1980, iye tí wọ́n rí lé ní 650,000. Ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tó pọ̀ sí.

Kí wá ni wọ́n ṣe? Ẹ ò ní rí ilé ìwòsàn ńlá níbẹ̀. Aṣọ asẹ́ tó wẹ́ gan-an ni wọ́n pín, kí obìnrin ilé lè fi bo ẹnu ìkòkò kó tó da omi sí i, kí kòkòrò má lè kọjá. Fún àwọn àgbẹ̀ àti darandaran tó ń mumi lọ́nà, wọ́n ṣe ọ̀pá kékeré tó ní asẹ́ lẹ́nu, tí ènìyàn lè fi kọ́ ọrùn kó sì fi fa omi mu. Oògùn Abate ni wọ́n ń wọ̀n sínú adágún láti pa àwọn kòkòrò náà láìba omi jẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe aṣọ àti èyí tó ń ṣe Abate fi ọjà wọn tọrẹ. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan tí wọ́n mọ̀, tó ń gbé láàárín wọn, ló ń yẹ ẹsẹ̀ wò, tó ń kọ orúkọ sílẹ̀, tó sì ń sọ fún ẹni tí aràn yọ sí lẹ́sẹ̀ pé kó má wọ odò.

Ibi tí nǹkan ti ń wọ́ náà wà. Aṣọ asẹ́ á ya, wọn ò ní pààrọ̀ rẹ̀. Onílé á sẹ́ omi nílé, á débi oko, á bu ti odò mu. Àwọn kan gbà pé inú ẹ̀jẹ̀ ni sòbìyà ti ń wá, kò kan omi. Àwọn àgbà ìlú kan ò fẹ́ kí wọ́n da nǹkankan sínú odò tí wọ́n ń bọ. Irú ìgbà báyìí ni orúkọ máa ń wúlò, torí pé ẹni tí ọba máa gbọ́ tirẹ̀ ló yẹ kó lọ bá ọba. Nàìjíríà ní tirẹ̀: Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tó ṣe olórí ìjọba láti 1966 sí 1975, tó sì ti dá Yakubu Gowon Centre sílẹ̀, gbà láti bá wọn lọ láti abúlé dé abúlé. Gómìnà tí kò dá ilé iṣẹ́ ìlera rẹ̀ lóhùn nípa kànga ẹ̀rọ kò ní lè sọ fún Gowon pé òun ò sí nílé. Ní 1995, Carter bá àwọn tó ń jagun ní Sudan sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dá ìbọn dúró fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí àwọn elétò ìlera lè wọ abúlé.

Ẹni ìkẹyìn tí sòbìyà mú ní Nàìjíríà wà ní ìpínlẹ̀ Ẹ̀núgù ní 2008. Ọdún 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé fún wa níwèé ẹ̀rí pé ó ti tán. Ní 2023, ènìyàn mẹ́rìnlá péré ló ní in ní gbogbo ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń mú ajá ní àwọn ibìkan bíi Chad, èyí tí kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà parí pátápátá.

Ta ló wá ṣẹ́gun rẹ̀? Ìjọba ló gbẹ́ púpọ̀ nínú àwọn kànga, òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ló ń ṣàbójútó, ará abúlé ló ń kọ orúkọ. Àjọ ló kó gbogbo wọn jọ, tó wá asẹ́ àti Abate, tó sì dúró ti iṣẹ́ kan ṣoṣo láti ọdún dé ọdún. Ìdúró yẹn ni mo gbà pé ó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Lọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin ni ìjọba ń pààrọ̀ ojú, àrùn tó ń fi ọdún kan gbáko sápamọ́ sínú ara kì í dúró de ìdìbò.

Kí ni olùwòye ìdìbò lè ṣe?

Carter wà ní Nàìjíríà fún ìdìbò Ààrẹ ti 27 February 1999. Iye ènìyàn tí àwọn olùwòye rí níbi ìdìbò àti iye ìbò tí wọ́n kéde jìnnà síra débi pé ó kọ̀wé sí INEC pé àwọn ò lè fi ìdánilójú sọ bí àbájáde ìdìbò náà ṣe rí. Ibẹ̀ lágbára rẹ̀ mọ. Kò lè fagi lé ìbò, kò lè ní kí wọ́n tún un dì. Ó sọ ohun tó rí, ó buwọ́ lù ú, ó lọ sílé.

Ní ilé wa ńkọ́?

Èkìtì ní ẹni tó gba ọ̀nà méjèèjì. Káyọ̀dé Fáyẹmí, ọmọ Ìsàn-Èkìtì, ti wà nídìí àjọ aláìlérè kó tó dé ìdí òṣèlú. Òun wà lára àwọn tó dá Centre for Democracy and Development sílẹ̀ ní London ní 1997. Ó du ipò gómìnà ní 2007, ẹjọ́ rẹ̀ fẹ́ẹ̀ tó ọdún mẹ́ta ààbọ̀ kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó jókòó ní Ìlọrin tó dá a láre ní 15 October 2010. Ó ṣe gómìnà títí di 2014, ó ṣe mínísítà láti 2015 sí 2018, ó tún ṣe gómìnà láti 2018 sí 2022. Láti ìgbà náà, ó ti padà sí iṣẹ́ ìmọ̀ àti ìlànà ìjọba, pẹ̀lú Amandla Institute.

Ẹ rántí owó àwọn arúgbó tí ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2011, ₦5,000 lóṣù fún àwọn tó ti pé ọdún márùnlélọ́gọ́ta sókè tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀pọ̀ arúgbó ka owó yẹn sí ọrẹ láti ọwọ́ ẹnìkan. Ìṣúná ìpínlẹ̀ ló ti wá. Ẹni tó bá lọ bá gómìnà tẹ́lẹ̀ kan ní ilé iṣẹ́ àjọ rẹ̀ pé kó máa san irú owó bẹ́ẹ̀ lọ ń béèrè ohun tí àjọ kankan ò ní, ìyẹn owó orí ti gbogbo ìpínlẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dá irú àjọ yìí sílẹ̀ ní Nàìjíríà?

Òfin CAMA ti 2020, òfin ilé iṣẹ́ àti àjọ, ló wà fún un, CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó wà fún ìforúkọsílẹ̀, ló sì ń fi orúkọ sílẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ni èyí tí wọ́n ń pè ní Incorporated Trustees. Ọ̀nà kejì wà, ilé iṣẹ́ tí kò ní ìpín-ìdókòwò, ṣùgbọ́n ìyẹn ń fẹ́ àṣẹ agbẹjọ́rò àgbà orílẹ̀-èdè, ọ̀pọ̀ ò sì ní sùúrù rẹ̀.

Àkọ́kọ́, wọ́n á yẹ orúkọ wò bóyá ẹlòmíràn ti gbà á. Bí CAC bá fọwọ́ sí i, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n á fi tọ́jú rẹ̀ dè wọ́n. Wọ́n á wá ṣe ìpàdé láti yan alábòójútó, ó kéré tán méjì, kí wọ́n sì kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé náà. Ọmọdé tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún kò lè jẹ́ alábòójútó, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi jìbìtì láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Wọ́n á kọ ìwé òfin àjọ: iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, bí wọ́n ṣe ń yan alábòójútó, ọdún tí wọ́n á lò, bí owó ṣe ń wọlé tó sì ń jáde. Lẹ́yìn èyí ni ìkéde nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì tí wọ́n ń tà ní agbègbè náà, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá ní àtakò ní ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n láti kọ ọ́ ránṣẹ́.

Ìwé ẹ̀rí CAC nìkan kò tó láti ṣí àkáǹtì. Báńkì á béèrè nọ́ńbà owó orí àti ìwé SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ fífi owó ìdọ̀tí ṣòwò. Àjọ tó ní òṣìṣẹ́ ní Adó gbọ́dọ̀ yọ owó orí wọn, kó san án fún ilé iṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀ Èkìtì, nítorí pé a kò dárí owó orí òṣìṣẹ́ jì í torí pé iṣẹ́ àánú ló ń ṣe. Lọ́dọọdún, láàárín 30 June sí 31 December, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ sí CAC.

Níbo ló ti máa ń wọ́? Mo fẹ́ dúró níbí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fáúńdéṣọ̀n ń kú sí. Ọkọ, ìyàwó àti àbúrò ọkọ nìkan ni alábòójútó, kò sẹ́ni tó lè sọ pé rárá. Alábòójútó kan á kú, wọn ò ní pààrọ̀ orúkọ rẹ̀ ní CAC. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá nílò ìbuwọ́lùwé rẹ̀, gbogbo nǹkan á há. Wọn ò ní fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, CAC á kọ ọ́ sára orúkọ wọn pé wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, olùrànlọ́wọ́ tó bá sì yẹ̀ wọ́n wò á sá. Èyí tó burú jù ni kí owó ọrẹ máa gba inú àkáǹtì ọ̀gá fúnra rẹ̀. Òfin ní owó àjọ ò gbọdọ̀ ṣe nǹkan mìíràn ju iṣẹ́ àjọ lọ, àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ gba owó oṣù níbẹ̀. Wọ́n lè gba owó tí wọ́n fi ṣe ìnáwó àjọ padà, tàbí owó ilé tó mọ níwọ̀n bí àjọ bá ń lo ilé wọn.

Bí ìwà àìtọ́ bá wà, CAC tàbí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè lọ sí ilé ẹjọ́ kí wọ́n dá alábòójútó dúró. Bí àjọ bá sì túká, ohun tó ṣẹ́ kù, dé orí jẹnẹrétọ̀ àti àga, yóò lọ sọ́dọ̀ àjọ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Kò ní padà sílé olùdásílẹ̀.

Ṣé fáúńdéṣọ̀n lè bá ènìyàn polongo ìbò?

Rárá. Abala 221 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ ọ́ láìfi bò: kò sí ẹgbẹ́ kankan, àyàfi ẹgbẹ́ òṣèlú, tó gbọdọ̀ wá ìbò fún olùdíje tàbí kó dáwó fún ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí fún ìnáwó ìdìbò ẹnikẹ́ni. Olùdásílẹ̀ fúnra rẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ó lè du ipò, ó lè polongo fún ẹni tó bá wù ú. Àjọ ni kò gbọdọ̀ ṣe é. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń pín ìrẹsì lórúkọ fáúńdéṣọ̀n, tí fìlà ẹgbẹ́ òṣèlú wà nínú àpò ìrẹsì, tàbí tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà káàdì ìdìbò ẹni tó wá gbà á, ohun tó lòdì sófin ni wọ́n ń ṣe, bó ti wù kí ìrẹsì náà dùn tó.

Ṣùgbọ́n kí a má fi ojú kan náà wo gbogbo wọn. Àjọ tó bá ń sanwó ilé ìwé fún ọmọ ogún lọ́dún tí kò sí ìdìbò, tó tún san án lọ́dún tí wọ́n ń dìbò, tó sì ń tẹ ìwé owó rẹ̀ jáde, ń ṣe iṣẹ́ gidi, ẹgbẹ́ yòówù kí ọ̀gá rẹ̀ ti ṣe.

Báwo ni èmi ará ìlú ṣe lè bá wọn lò?

Kọ́kọ́ wá orúkọ àjọ náà lórí ìkànnì CAC, ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti yẹ orúkọ wò. Wo nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ àti bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, béèrè iṣẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Bí ètò ẹ̀kọ́ bá ni, má gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ lọ. Kì í ṣe pé wọ́n le ọkàn, ìwé òfin wọn ni kò gba owó náà láàyè láti lọ síbẹ̀. Títì àdúgbò jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, ti ìpínlẹ̀ tàbí ti àpapọ̀. Iṣẹ́ ìjọba ní ìgbìmọ̀ tó ń gbà á. Ohun tí olórí àjọ lè ṣe níbẹ̀ ni kó bá yín dá sí i níwájú àwọn tó kàn, bí Gowon ṣe bá àwọn abúlé sọ ti kànga.

Lẹ́tà tó dára kì í ju ojú ìwé kan lọ. Kọ ohun tí ẹ ń fẹ́ ní ìlà àkọ́kọ́. Kọ iye ènìyàn tó máa ṣe láǹfààní, iye tó máa ná yín pẹ̀lú ìwé iye ọjà láti ọwọ́ oníṣòwò méjì ó kéré tán, iye tí ẹ̀yin fúnra yín ti dá jọ, àti ẹni tó máa mójú tó o lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe é tán. Ẹ má gbàgbé èyí tó kẹ́yìn yẹn, torí kànga ẹ̀rọ tí kò ní ẹni tó ń pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀ kì í pẹ́ bà jẹ́. Kí ọba tàbí alága ìdàgbàsókè ìlú buwọ́ lù ú. Mú ẹ̀dà méjì dání, fi ọ̀kan sílẹ̀, kí o sì ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á sára èyí tí o máa mú lọ sílé.